“A dúpẹ́” kì í ṣe nọ́ńbà: bí ẹ ó ṣe wọn ìrora ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń kọ́fẹ

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé etí bẹ́ẹ̀dì màmá kan tí àwọn dókítà yọ ilé ọmọ wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí wọn: “Màmá, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ewu. Ara ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ọmọ mi. Ara ti le.” Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ti kọ ọ́ sínú ṣáàtì pé aláìsàn kò ní ìrora. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì màmá di irin bẹ́ẹ̀dì mú ṣinṣin bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, òógùn sì ti bo iwájú orí wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: “Ṣé kò lè di ọ̀la ni?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò mi tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé “ara ńkọ́” ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè. Bí ara bá le, a dúpẹ́. Bí kò bá le, a ṣì dúpẹ́. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìrora jáde lẹ́nu wọn: “Mi ò gbà á”, “Kì í ṣe ìpín mi”. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kí ènìyàn tán, kí a wá bèèrè. Ẹ̀yin ọmọ, ìyàwó, ọkọ àti àbúrò tó ń sùn sí ọsibítù nítorí ènìyàn yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Ìwé kékeré kan, bírò àti aago tó ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ nílò.

Kí ló dé tí a ó fi dá ara wa láàmú? Ẹni tí ojú abẹ ń dùn kì í mí kanlẹ̀, kì í wúkọ́, kì í fẹ́ yí ara padà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á ráyè wọlé. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ nítorí pé kò rìn. Ohun tí ìrora kò jẹ́ kí ó ṣe ni ewu wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́ ọ kí ó tó wọ tíátà

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí láti inú oorun oògùn kò ní àyè à ń kọ́ ìṣirò. Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè ìrora tó ti jẹ rí: eyín dídùn, ìrọbí, ìgbà tí ọwọ́ kán. Kí ẹ wá sọ pé: “Bí 0 bá jẹ́ pé kò dùn yín rárá, tí 10 sì jẹ́ ìrora tó burú jù lọ tí ẹ lè rò, mélòó ni eyín ọjọ́ yẹn?” Bó bá ní 7, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó fi okùn so sí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ lè bi í pé ṣé èyí tó eyín ọjọ́ náà ni.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Ilé ìwé ti kọ́ gbogbo wa pé 10 nínú 10 ló dára jù. Mo ti rí bàbá kan tó ń sọ “mẹ́wàá!” tìgbéraga-tìgbéraga, tí nọ́ọ̀sì sì ń sáré lọ fa abẹ́rẹ́, àṣé ohun tí bàbá ń sọ ni pé ara òun ti pé. Ẹ là á yé e pé kì í ṣe máàkì ni a ń gbà níbí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú òṣùwọ̀n kan, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀

Nọ́ńbà 0 sí 10 ló yá jù fún àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé. Ẹni tí nọ́ńbà kò bá tù lára, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: kò dùn, ó dùn díẹ̀, ó dùn gan-an, ó le, kò ṣé fara dà. Òṣùwọ̀n mìíràn tún wà tó jẹ́ ìlà gbọọrọ kan, sẹ̀ǹtímítà 10, tí aláìsàn á fi bírò sàmì sí ibi tí ìrora rẹ̀ dé. Ní 2009, àwọn onímọ̀ físíò ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé ẹ̀dà rẹ̀ jáde ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìrora gbọ́.

Fún ọmọdé láti ọdún mẹ́ta sókè, àwòrán ojú mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Wong-Baker ló wọ́pọ̀: èyí tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́ 0, èyí tó ń sunkún jẹ́ 10. Ọmọ ló máa fi ìka kan ojú tó bá bí nǹkan ṣe ń ṣe é mu. Nọ́ọ̀sì tó bá wo ojú ọmọ, tó wá lọ wá èyí tó jọ ọ́ nínú àwòrán, ti ṣi òṣùwọ̀n náà lò. Bí kò bá sí àwòrán lọ́wọ́ ńkọ́? Láti 1979 ni nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Nancy Hester, ti ń lo ṣíìpù pupa mẹ́rin tí wọ́n fi ń ta káàdì. Ìdérí mínírà mẹ́rin ni èmi ń lò. “Ìdérí kan, ìrora díẹ̀ nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrora tó pọ̀ jù nìyẹn. Mélòó ló wà lára ẹ báyìí?” Ọmọ ọdún mẹ́rin á ti ìdérí méjì sí yín lọ́wọ́, á ní kí ẹ máa kó o lọ. Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó gbé wọn fún un o, kí ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹnu ni gbogbo nǹkan ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ní ìsinmi àti nígbà tí ara bá mira

Èyí ni màmá kọ́ mi. Lórí ìdùbúlẹ̀ láìmira, ìrora wọn kò ju 3 lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìrọ̀rí lé ikùn, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú abẹ, tí wọ́n sì wúkọ́, ó di 8. Nọ́ńbà kejì yìí ló ṣe pàtàkì, òun ló máa sọ bóyá wọ́n á lè dìde lọ sí ilé ìtọ̀ tàbí wọn ò ní lè lọ. Ní ṣáàtì tó pọ̀ tí mo ti rí, nọ́ńbà ìsinmi nìkan ni wọ́n kọ, ìyẹn bí wọ́n bá kọ nǹkan kan rárá.

Ohun tí ẹ ó ní kí ó ṣe dá lórí ibi tí abẹ ti kàn. Abẹ ikùn: kí ó wúkọ́, tàbí kí ó yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Abẹ àyà: kí ó mí kanlẹ̀. Abẹ orúnkún: kí ó ká ẹsẹ̀ níwọ̀n tí dókítà bá gbà. Ohun kan náà ni kí ẹ máa bèèrè fún ní gbogbo ìgbà, kí ẹ lè fi nọ́ńbà àná wé tòní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí oògùn tó wọlé, àti lẹ́yìn tó bá wọlé

Ẹ kọ nọ́ńbà àti aago kí wọ́n tó fún un ní oògùn ìrora. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ tún bèèrè lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ èyí tó gbé mì, ẹ fún un ní wákàtí kan. Bí ojú ìwé màmá ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí, ọmọ wọn obìnrin ló kọ ọ́:

6:00. Ìsinmi 3, ikọ́ 8. Apá ọ̀tún ojú abẹ. Ó ń gún wọn.
6:15. Nọ́ọ̀sì gún wọn lábẹ́rẹ́.
6:45. Ìsinmi 1, ikọ́ 4. Wọ́n ń tòògbé, ṣùgbọ́n mo pè wọ́n, wọ́n dáhùn. Èémí 16.
7:30. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bèèrè ògì.

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Mórífìn, pentazocine, tramadol, oògùn ìrora líle ni wọ́n, gbogbo wọn ló lè mú oorun wá, tí wọ́n sì lè fa èémí sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń wọn ìrora, ẹ máa ka èémí náà: ẹ wo àyà tó ń lọ sókè, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá pé 10, tàbí tí ẹ pè é tí kò tètè lajú, ẹ má dúró bèèrè nọ́ńbà kankan. Ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń sùn fọnfọn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹni tí ìrora ti fi sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìhanrun tuntun tó ń dá dúró lójijì kì í ṣe oorun àsùngbádùn.

Nọ́ńbà kọ́ ni yóò pàṣẹ oògùn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrora mọ́ ìgbóná ara, ìlùkìkì ọkàn, èémí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní òun ni ìkarùn-ún nínú àwọn àmì tí nọ́ọ̀sì ń wò lára aláìsàn. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọsibítù wá ń lé nọ́ńbà kí ó lè di 0 dandan, oògùn líle sì ń ṣàn bí omi. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà níbẹ̀, American Medical Association, dìbò pé kí wọ́n jáwọ́ nínú pípè é ní ìkarùn-ún. Ìṣòro tiwa níbí yàtọ̀ pátápátá: àwa ni a kì í bèèrè rárá. Síbẹ̀, 0 kọ́ ni à ń wá. Bó bá lè wúkọ́, tó lè jókòó, tó lè sùn, 3 tàbí 4 lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè pé nọ́ńbà wo ni òun lè bá gbé.

Bó bá sì ní 8, tí ẹ wò ó tí ó ń fi fóònù ṣeré ńkọ́? 8 ni kí ẹ kọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrora lágbàáyé, IASP, tún ìtumọ̀ ìrora ṣe ní 2020, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí ènìyàn bá sọ nípa ìrora rẹ̀ yẹ fún ọ̀wọ̀. Àwọn kan máa ń fi fóònù tan ara wọn jẹ nítorí kí ìrora má bàa borí wọn. “Ó ti ń ṣe àṣejù” kì í ṣe ohun tí a ń kọ sí ṣáàtì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bèèrè orúkọ tí ìrora ń jẹ́

Nǹkan tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, nítorí pé èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún un ju òṣùwọ̀n lọ. Ẹ ní kí ó fi ìka kan tọ́ka sí ibẹ̀, kí ó sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ó ń gún mi. Ó ń ta mí. Ó ń jó mi. Ó ń sọ kúlúkúlú. Ó ń fà mí. Ó ń ro mí. Inú ń lọ́ mi. Ẹsẹ̀ ń kú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kan ń sọ àrùn kan, ṣùgbọ́n ó ń tọ́ dókítà sọ́nà. Ojú abẹ tó ń fa ènìyàn nígbà tó bá nàró wọ́pọ̀. Ojú abẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kúlúkúlú ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tó gbóná, tó wú, tó pọ́n, lè jẹ́ pé ọyún ń kóra jọ sábẹ́ rẹ̀. Inú tó ń lọ́ tó sì ń sinmi, afẹ́fẹ́ lè ni. Fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilé ọmọ tó ń súnkì ni lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá bí ọmọ bá ń mu ọyàn lọ́wọ́. Kí ojú abẹ máa jó ènìyàn bí iná tàbí kí ó máa tani wìnnìwìnnì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣan ìmọ̀lára tí abẹ kàn.

Ìrora tó lọ síbi tí abẹ kò dé ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn lè máa pariwo èjìká. Gáàsì tí wọ́n fi fẹ́ ikùn rẹ̀ ló ń yọ awọ tó pààlà àárín àyà àti ikùn lẹ́nu, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tí orí ń fọ́ nígbà tó bá jókòó tó sì ń fúyẹ́ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún dókítà, abẹ́rẹ́ náà ló ṣeé ṣe kó fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó sì ń dùn ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun, tàbí àyà ń gún un tí èémí kò délẹ̀, ẹ má fi epo pa á, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ pe dókítà kíá, ẹ̀jẹ̀ dídì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹni tí kò lè sọ ọ́

Fún ìkókó láti oṣù méjì títí dé ọmọ ọdún méje, FLACC ni à ń lò. Nǹkan márùn-ún ni ẹ ó wò: ojú, ẹsẹ̀, ìṣesí ara, ẹkún, àti bó ṣe ń gba ìpẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìpákè fún. Ó lejú koko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan (1), ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀ (1), ó ń yíràá (1), ó ń sunkún wúyẹ́wúyẹ́ (1), ìyá rẹ̀ sì gbé e mọ́ra, ó dákẹ́ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ (1). Ó di 5. Lẹ́yìn oògùn, ó di 1. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ebi kò pa á, pé ìtẹ́dìí rẹ̀ gbẹ, nítorí pé ìwọ̀nyẹn náà ní ẹkún tiwọn.

Fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ra, PAINAD jọ ọ́: èémí, ìró tó ń jáde lẹ́nu, ojú, bí ara ṣe rí, àti ìpẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé mọ̀ ọ́n ju òṣùwọ̀n lọ. Bí bàbá tó máa ń kọrin ní gbogbo àárọ̀ bá dákẹ́ lónìí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má fi ìrora nìkan mọ bí ara ṣe ń kọ́fẹ

Nínú yàrá ìjí, lẹ́bàá tíátà, òṣùwọ̀n Aldrete ti 1970, tí wọ́n tún ṣe ní 1995, ni ọ̀pọ̀ ń lò: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mímira, èémí, ìfúnpá, bó ṣe jí tó, àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti ní 9 nínú 10, ó lè máa bọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ti àwọn oníṣẹ́ nìyẹn.

Tiyín bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ṣé ó ti tọ̀? Bí wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ bá kọjá láìsí ìtọ̀, tí kò sì sí rọ́bà ìtọ̀ lára rẹ̀, ẹ sọ. Ṣé afẹ́fẹ́ ti gba ìdí jáde? Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ bi bàbá ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ti só. Ẹ bèèrè pé “Ṣé inú ti fọhùn, sà?” á yé wọn. Lẹ́yìn abẹ ikùn, ìdùnnú ni ìró yẹn ń jẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Ìrìn ńkọ́? Bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: lánàá ó rìn kọjá bẹ́ẹ̀dì méjì, lónìí ó dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tó fẹ́ òṣùwọ̀n tó kún, QoR-15 wà, láti 2013, àwọn dókítà ní Ọsirélíà ló ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí wákàtí 24 tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0 sí 10, gbogbo rẹ̀ 150. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ ń bèèrè ohun rere: ṣé ó ń mí dáadáa, ṣé oúnjẹ ń wù ú, ṣé ó sùn, ṣé ó lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé ó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Márùn-ún tó kù ń bèèrè ìrora tó mọ níwọ̀n, ìrora líle, èébì, àìbalẹ̀ ọkàn àti ìbànújẹ́. Níbẹ̀, 10 ni pé kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó bèèrè ìbànújẹ́. Màmá tí wọ́n yọ ilé ọmọ wọn, ọjọ́ kẹta ni wọ́n sunkún, ìrora ojú abẹ wọn sì jẹ́ 2 nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nílé

Ẹ má dá ìwé dúró nítorí pé ẹ ti kúrò ní ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, àárọ̀ àti alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán: ìsinmi, ìmira, oògùn tó lò àti aago, ìgbóná ara, oorun, ìrìn. Parasítámọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 4 lọ ní wákàtí 24 fún àgbàlagbà, ìyẹn hóró 8 ti mílígíráàmù 500. Ẹni tó kéré lára tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ ka ara páálí oògùn òtútù àti ti orí fífọ́ tó wà nílé, nítorí parasítámọ́ọ̀lù ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Nọ́ńbà yẹ kó máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀, tó wá tún gòkè, pàápàá pẹ̀lú ara gbígbóná tó dé 38, ọyún tàbí òórùn lójú abẹ, èébì tí kò dá, ikùn tó le bí pákó, ẹ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá tí ojú abẹ ṣì ń dùn, ìrora náà ti ní orúkọ tirẹ̀ láàárín àwọn dókítà, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ mú ìwé náà dání lọ sí kíníìkì, kí ẹ ṣí i sí ojú ewé tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kí ẹ gbé e síwájú dókítà kí ó tó bèèrè pé ara ńkọ́.